Ìkìlọ̀: Ẹ̀yin tó fẹ́ sọ kẹ̀kẹ́ akẹ́rù yín di oníná ní Àjàṣẹ́, ẹ yẹ bíréèkì wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Sakété àti Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin tí ẹ ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kẹ́rù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí kpayo (epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà) sì ti gbówó lórí, kò sí ẹni tí kò wá ọ̀nà àtiyọ ẹ́ńjìnnì olépo kúrò. Iná dára, èmi ò bá iná jà. Oníṣẹ́ kan tó ń sọ kẹ̀kẹ́ di oníná, tó ń fi fídíò rẹ̀ kiri WhatsApp, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ wo fídíò yẹn dáadáa: òfìfo ni kẹ̀kẹ́ tó ń sáré níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ ó gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ pẹ̀lú ìdajì owó. Kò ní mọ sórí ẹ́ńjìnnì, yóò tún yọ odindi ọ̀pá ẹ̀yìn tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì ńlá méjèèjì àti bíréèkì olóròóró tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀pá mìíràn tí wọ́n ti de ẹ́ńjìnnì iná mọ́ ni yóò fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń gbé èrò. Okùn wáyà tín-ín-rín ló ń fa bíréèkì ibẹ̀, bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Tí ẹ bá wá béèrè ọ̀pá yín àtijọ́, yóò ní ó ti wọ inú owó iṣẹ́. Ó ti tà á nìyẹn.

Àna mi kó sí i lọ́wọ́. Ó di sìmẹ́ǹtì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá afárá, ó fa bíréèkì títí, kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ara ògiri ló fi dá a dúró. Nígbà tí a tú u, bíréèkì ṣúù (èyí tó ń fún mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù láti dá táyà dúró) tí a bá níbẹ̀ kò ju ìka kan àbọ̀ lọ ní fífẹ̀, ojú rẹ̀ ti jó, ó ń dán. Ti tẹ́lẹ̀ tó ìka mẹ́ta.

Oníṣẹ́ náà ní, "Ọ̀gá, ẹ má ṣèyọnu, iná fúnra rẹ̀ ló ń dá a dúró." Kì í ṣe irọ́ tán, ìdí nìyẹn tó fi ń mú èèyàn. Lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì iná lè fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, kó sì dá iná padà sínú bátìrì. Ṣùgbọ́n tí bátìrì bá kún, bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ tí ẹ di ẹrù jáde, kò sí ibi tí iná náà máa wọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá sì ti fẹ́ dúró, agbára yẹn ti tán. Wáyà kan já, gbogbo rẹ̀ parí. Ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì olépo tí wọ́n yọ máa ń fà wá sẹ́yìn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a bá fi sí jíà kékeré. Ìyẹn náà ti lọ. Ẹni tó bá kúrò ní eré kìlómítà 20 ní wákàtí kan bọ́ sí 40, ìlọ́po mẹ́rin ni iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe.

Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kì í fọwọ́ kan ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibi tí ẹ́ńjìnnì olépo wà ló máa ń de ti iná mọ́, yóò sì fi súìṣì sí pẹ́dà bíréèkì kí iná lè já bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tó san ìyókù, ẹ di àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá sí i, kílò 500 nìyẹn, kí ẹ sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, kí ẹ tẹ bíréèkì. Tó bá kọjá mítà mẹ́wàá, ẹ má gbà á. Ẹ tún pa iná rẹ̀ pátápátá nígbà tó bá rọra ń yí, kí ẹ tẹ bíréèkì wò. Ẹ fi bíréèkì ọwọ́ nìkan dá a dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú ẹrù náà.

Bátìrì rẹ̀ náà ò ṣeé gbára lé. Ó kọ 60V 100Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà) sí i lára, èyí tó yẹ kó gba kílówáàtì-wákàtí 6 (yúníìtì mẹ́fà lórí mítà iná) ó kéré tán. Nígbà tí àna mi ṣáàjì é láti òfo títí tó fi kún, mítà kò ka 3 pé.

Ẹni tó bá ti san ìdajì tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́ náà, kó lọ lónìí lọ gba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Àlòkù rẹ̀ ń tà wàràwàrà.