Àgbéyẹ̀wò Yàrá Ilé Akẹ́kọ̀ọ́ tí Wọ́n Ń Fi Gba Àlejò ní Lọ́ńdọ̀nù

Owó ilé ìtura ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù a máa ga ju bí ọ̀pọ̀ àlejò ṣe lérò lọ, pàápàá láti oṣù kẹfà títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án tí èrò ń wọ́ tìtì wọ ìlú náà. Àsìkò yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lọ fún ìsinmi gígùn, tí yàrá wọn sì ń ṣófo. Àwọn yunifásítì kò jẹ́ kí yàrá wọ̀nyí wà lásán: London School of Economics, King's College London àti Imperial College wà lára àwọn tó ń fi wọ́n gba àlejò, tí wọ́n sì ń gba owó wọn ní alaalẹ́. Ẹni tó fẹ́ dé síbẹ̀ kò ní láti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Irú yàrá yìí ni mo máa ń wá bí ìrìn àjò mi bá bọ́ sí àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ti Lọ́ńdọ̀nù yìí, nítorí n kò tíì rí ọ̀nà mìíràn tí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n fi lè ní yàrá tirẹ̀ nìkan, tó ní kọ́kọ́rọ́, láàárín ìlú náà.

Ibi tí àwọn ilé náà wà ni mo fi ń gbóríyìn fún wọn jù. Láti Beit Hall ti Imperial College, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbọ̀ngàn orin Royal Albert Hall àti ọgbà ńlá Hyde Park. Bankside House ti London School of Economics ni wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìn Tate Modern, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣí ní ọdún 2000, tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ti gba orí odò Thames lọ tààrà sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo èyí, nítorí owó yàrá nìkan kọ́ ni ibùwọ̀ ń ná ènìyàn. Wọ́n pín ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù sí agbègbè onínọ́ńbà, agbègbè 1 ni ti àárín ìlú, bí agbègbè tí ènìyàn ń là kọjá nínú ọkọ̀ ojú irin bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni owó ọkọ̀ ń gorí. Ẹni tó gba yàrá olówó pọ́ọ́kú ní agbègbè 5 tàbí 6 yóò máa san èyí tó rò pé òun jẹ lérè padà díẹ̀díẹ̀ ní ibùdókọ̀, àkókò rẹ̀ yóò sì tún bá a lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọ̀rọ̀ tún le sí i: ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, kò sí ju òru ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta lọ, lórí díẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà rẹ̀. Ní tèmi, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sí ibi púpọ̀. Bí ó bá rẹ̀ mí, mo wọ bọ́ọ̀sì, nítorí iye kan náà ni bọ́ọ̀sì ń gbà láìka bí ọ̀nà ṣe jìn sí, ẹni tó bá sì wọ òmíràn láàárín wákàtí kan kò ní san owó mìíràn.

Yàrá fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Nínú èyí tí mo dé sí kẹ́yìn, ibùsùn ẹlẹ́nìkan fara ti ògiri, pẹpẹ ìwé ṣófo, ihò píìnì akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sì ṣì wà lára pátákó tó wà lókè tábìlì. Kò sí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n tábìlì náà gùn, àtùpà rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ dáadáa, mo sì mọyì èyí gan-an, nítorí ilé ìtura olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní ibi tí ènìyàn lè tẹ́ ìwé rẹ̀ sí kí ó fi ara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn yàrá kan ní ilé ìwẹ̀ tiwọn, àwọn mìíràn sì ń pín in lò, owó wọn kì í sì í dọ́gba.

Àléébù tó ga jù ni ooru. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí òtútù ni wọ́n kọ́ wọn láti kojú, bẹ́ẹ̀ ooru ilẹ̀ náà kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn mọ́; ní oṣù keje ọdún 2022, ó kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀ wọn. Fèrèsé yàrá mi kò ṣí ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, nítorí irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn kí ènìyàn má bàa já bọ́. Mo béèrè fáànù lọ́wọ́ àwọn tó ń gba àlejò, wọ́n ní wọ́n ti pín gbogbo rẹ̀ tán. Ó dùn mí, nítorí ilé tó jẹ́ pé àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gba àlejò yẹ kó ti múra sílẹ̀ fún ooru. Kọ́tìnì náà tún fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ kí aago márùn-ún tó lù ní oṣù kẹfà.

Ilé ìdáná wà tí a jọ ń lò, ó ní ààrò àti ẹ̀rọ amómitutù, ṣùgbọ́n kò sí ìkòkò kan ṣoṣo níbẹ̀. Kí àlejò béèrè èyí kí ó tó sanwó.

Bí a bá fi wé àwọn ọ̀nà yòókù, họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń san owó ibùsùn lásán lè dínwó jù ú lọ, ó sì dára fún ọ̀dọ́ tí kò kọ̀ kí òun àti àjèjì bíi mẹ́fà jọ sùn sínú yàrá kan. Ní ti ilé odindi tí àwọn onílé ń fi háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin Lọ́ńdọ̀nù kò gbà kí wọ́n fi gba àlejò ju alẹ́ 90 lọ láàárín ọdún kan láìgba àṣẹ, owó ìtọ́jú ilé sì máa ń gorí iye tí a kọ́kọ́ rí. Bí ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́rin bá jọ ń lọ, ilé odindi ni mo lè gbà wọ́n níyànjú láti gbà, nítorí yàrá ẹlẹ́nìkan mẹ́rin yóò na wọ́n lówó jù.

Ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá ilé akẹ́kọ̀ọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé yunifásítì gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àdírẹ́sì rẹ̀ máa ń parí sí .ac.uk, kí ó sì tẹ̀lé ọ̀nà tí wọ́n bá tọ́ka sí níbẹ̀, dípò kí ó fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn polówó yàrá. Kí ó ka ohun tí wọ́n kọ nípa owó tí kì í padà, kí ó sì béèrè bóyá oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀ àti bóyá lífìtì wà. Mo tún máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní yàrá tí kò kọjú sí títì tàbí sí oòrùn ọ̀sán. Wọn kì í ṣèlérí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá tètè kọ̀wé sí wọn, wọ́n sábà máa ń ṣe é fún mi.