Ètò ìpadàsẹ́nu-iṣẹ́ tí mo lò fún oṣù mẹ́fà: kọ́kọ́rọ́ kan àti àpótí méjì

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí ni ètò ìpadàsẹ́nu-iṣẹ́ tí àwọn agbanisíṣẹ́ mi gbà fún àwọn òṣìṣẹ́ tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra. Oṣù mẹ́fà ni mo fi lò ó. N kò ní dárúkọ àwọn tó ń ṣe é, nítorí pé apá kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò rí ohun tó yẹ kí ó bèèrè kí ó tó fọwọ́ síwèé.

Làkúrègbé ló ń ṣe mí, irú èyí tí àwọn èròjà tó yẹ kí ó máa dáàbò bo ara ti yí padà, tí wọ́n ń bá awọ fẹ́lẹ́ inú oríkèé jà. Ó ń mú obìnrin ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju ọkùnrin lọ, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ọdún 30 sí 60, nígbà tí iṣẹ́ kún ọwọ́ ènìyàn jù lọ. Ìrora nìkan kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Bí mo bá jí, àwọn ìka mi á ti gan, ó sì lè ju wákàtí kan lọ kí wọ́n tó rọ̀. Àárẹ̀ tó ń bá a rìn kì í ṣe èyí tí oorun ń gbé lọ. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lo methotrexate, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìjà inú oríkèé yìí, ní ẹ̀ẹ̀kan péré, inú mi sì máa ń rú ní ọjọ́ kejì rẹ̀ débi pé n kì í lè tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ mìíràn, mo lè ṣiṣẹ́ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí. Ìyípadà yìí gan-an ló ń kó bá wa lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ẹni tó rí ọ lánàá tí ara rẹ yá gágá kò ní fẹ́ gbà pé òótọ́ lo ń sọ lónìí.

Obìnrin tí wọ́n rán wá láti yẹ̀ mí wò mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Kò béèrè bóyá ara mi le. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mi, kí n sì tún ṣí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́kọ́rọ́ náà mú, mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn kí ó tó yí, òun náà sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó di aago mọ́kànlá, ó ní kí n tún un ṣe. Ọwọ́ kan ni mo fi yí i, ọ̀rọ̀ tí mò ń bá a sọ kò sì já. Ó kọ àkókò méjèèjì sílẹ̀, ó wá bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ní aago mẹ́jọ ni iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀?” Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí, èmi náà kò sì bi ara mi.

Lẹ́yìn èyí, ó ní kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì máa kọ wákàtí tí ara mi bá gbé kánkán àti èyí tí kò gbé sílẹ̀. Láti inú rẹ̀ ló ti dámọ̀ràn pé kí n máa wọṣẹ́ ní aago mẹ́wàá, kí n máa ṣe iṣẹ́ tó gba ìtẹ̀wé lọ́sàn-án, kí n sì máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ oògùn. Ṣáájú ìgbà náà, n kì í pa iṣẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n ara mi nìkan ló ń wá. Mo lè jókòó ti ìwé kan títí di ọ̀sán kí n má parí rẹ̀. Ní oṣù kejì tí ètò bẹ̀rẹ̀, mo ń parí iṣẹ́ ọjọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún ra àga olówó gọbọi kan fún mi. Àga náà dára, ẹ̀yìn mi sì gbádùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn mi kọ́ ló ń ṣàìsàn.

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi ló bà mí nínú jẹ́. Wọ́n kọ orúkọ àìsàn mi àti ti oògùn mi sínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí mo lè ṣe àti àtúnṣe tí mo nílò nìkan ló kàn án. Kò pẹ́ tí akẹgbẹ́ mi kan fi rọra bi mí bóyá kì í ràn. Mo fẹjọ́ sùn, wọ́n sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ìwé náà padà lójú àwọn tó ti kà á?

Ìbéèrè tó wà ní ìparí fọ́ọ̀mù wọn náà kò bójú mu: “Ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ yìí lè ṣiṣẹ́?” Àpótí méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, èkejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà jáde tó ń wo ìkópa ènìyàn pọ̀ mọ́ ibi tó wà àti ohun tó yí i ká, kì í ṣe àìsàn rẹ̀ nìkan. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, ti ọdún 2006, sì sọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu níbi iṣẹ́. Obìnrin tó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ mọ gbogbo èyí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí ó kọ ni kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, wọ́n pa fáìlì mi dé. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí oríkèé ọwọ́ mi fi tún wú, n kò sì rí ẹni tí mo lè pè. Mo fún àyẹ̀wò wọn ní márùn-ún nínú márùn-ún, mo fún ìpamọ́ àṣírí wọn ní ẹyọ kan, ìtẹ̀lé wọn kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò ka ìwé rẹ̀ àti ẹni tí yóò gbé e lọ́wọ́ bí àìsàn bá tún gbérí.

Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n ṣí fáìlì mi padà. Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yẹn náà ni wọ́n tún fi ránṣẹ́. N kò fi àmì sínú àpótí kankan, mo kọ ọ́ sí àárín méjèèjì pé, “Ní aago mélòó?”