Ṣọ́ọ̀bù Ìwé Àtijọ́ Kan ní Garki fún Ẹni Tó Ń Polongo Ìbò

Láàárín àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Abuja, èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ bá olùdíje jáde bí wọ́n ṣe ń bá olùdìbò sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n wà. Iṣẹ́ yìí ló sọ mí di ẹni tó ń wá ìwé ìléwọ́ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú àtijọ́ kiri. N kò sọ̀rọ̀ mánífẹ́sítò, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ fún gbogbo aráàlú. Ìwé tí mò ń wí ni èyí tí ẹgbẹ́ ń fi lé àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, tí òfin, ọjọ́, iye owó àti ohun tí alátakò ti sọ sẹ́yìn wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó dúró níwájú èrò má baà máa sọ ohun tí kò dá a lójú. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò ní pátákó orúkọ ní Garki ni mo ti rí wọn, mo sì ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ọmọ Ọ̀fà ni Bàbá tó ni ín, Kaduna ló sì ti ṣòwò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kó wá sí Abuja. Ohun tó jẹ́ kí ọjà rẹ̀ yàtọ̀ nìyẹn. Kaduna ti jẹ́ olú-ìlú Ẹkùn Àríwá rí, ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba àti olóṣèlú pọ̀ sí. Bí ọlọ́jọ́ bá dé bá ọ̀kan nínú wọn, àwọn ọmọ rẹ̀ a tú àpótí, Bàbá a sì ra ìwé tó wà nínú rẹ̀. Kò tò wọ́n ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Ọdún ìbò ló fi tò wọ́n: 1951, 1959, 1979, 1983, 1993. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lọ níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá dúró níwájú pẹpẹ ọdún kan lè fi ohun tí ẹgbẹ́ méjì sọ lórí ọ̀ràn kan náà wéra lójú ẹsẹ̀.

Mo pẹ́ gan-an níwájú ti 1951. Oṣù kẹrin ọdún yẹn ni wọ́n ṣí Action Group, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ní Ọ̀wọ̀, kí ìbò sì tó dé lọ́dún náà, wọ́n ti kọ ìwé ìlànà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ẹ̀kọ́, ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọdún 1955 kò ṣàdédé bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn tó ṣe é ti jókòó kọ èrò wọn lórí ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gba ìjọba. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìkéde Sawaba (ìyẹn òmìnira) wà, èyí tí NEPU, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tálákà Àríwá, gbé jáde ní Kano ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1950, tó sọ ní gbangba pé ìjà wà láàárín tálákà àti àwọn tó ń fi ìjọba ìbílẹ̀ jẹ gàba lé wọn lórí. Ohun tó dùn mí ni pé n kò rí nǹkan kan nípa Ìlọrin Talaka Parapọ̀, ẹgbẹ́ àwọn èèyàn wa lábẹ́ Àríwá tó bá Action Group lọ́wọ́ pọ̀ ní àwọn ọdún 1950. Bàbá ní òun náà ṣì ń wá a.

Apá ti òkèèrè kò tóbi, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti rí bí irú ìwé yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Democratic tẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1876, tó fi ka àṣìṣe àwọn Republican sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí Tilden tiwọn ń bá Hayes ti Republican díje fún ipò Ààrẹ. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 1883 dín owó tí olùdíje lè ná kù, ó sì ka sísan owó fún ẹni tó ń wá ìbò kiri sí ìwà àìtọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òfin mìíràn fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìgbèríko ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Bí iṣẹ́ ìpolongo ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn nìyẹn, wọ́n sì nílò ohun tí wọn yóò máa tọ́ka sí. Ìwé ìléwọ́ ẹgbẹ́ Conservative jáde ní 1892, wọ́n sì ń tún un tẹ̀ bí ìbò ṣe ń dé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹ̀dà kan tí mo rà níbẹ̀ ní ₦18,000 ní atọ́ka lẹ́yìn, ó sì pín ọ̀rọ̀ sí orí-orí. Owó náà ga, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ti 1979 ló rọrùn jù láti fi kọ́ ọmọdé. Ohun mẹ́rin ni UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, kọ sílẹ̀: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ipele, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko àti iṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, ẹni tí kò kàwé lè kà á lórí ìka. Ti SDP àti NRC, ẹgbẹ́ méjì tó díje ní 1993, kò gbà mí lákòókò, nítorí pé ìjọba ológun ló dá ẹgbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ tó sì kọ mánífẹ́sítò fún wọn.

Ìwé pélébé kan tí mo rà ní ₦3,000 ti sọ ojú ìwé mẹ́fà nù. Nígbà tí mo gbé e padà, Bàbá ní, “Ẹ má bínú, ó yẹ kí n ti kà á kí n tó tà á fún yín,” ó sì dá owó mi padà láìjiyàn. Eruku ọyẹ́ pọ̀ lára àwọn ìwé náà, kò sì fi ohunkóhun bò wọ́n. Èyí ń kọ mí lóminú.

Mo ti fi ohun tí mo rà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa láti ṣe tiwọn. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nígbà náà ni Òfin Ìdìbò ọdún 2022, tó sọ nígbà náà pé ìpolongo yóò bẹ̀rẹ̀ ní 150 ọjọ́ ṣáájú ìbò, tí olùdíje sípò Ààrẹ kò sì gbọ́dọ̀ ná ju bílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń sọ nígbà náà pé 90 ọjọ́ àti bílíọ̀nù kan, èyí tó jẹ́ ti òfin ọdún 2010.

Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kí ó kọ ọdún ìbò tó ń wá sílẹ̀, nítorí pé bó bá dárúkọ ẹgbẹ́ nìkan, yóò pẹ́ kí Bàbá tó rí i. Kí ó má lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀.