Plọ́ńbà tó ń bẹ lọ́nà Lágere n'Ílé-Ifẹ̀: iṣẹ́ wọn dára, ẹ má gba lísìtì ọjà wọn

Wọ́n mọ páìpù í ṣe. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn kúrò nílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ lísìtì ló gbé mi dé ibí yìí, bí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mi ò ní rántí ohun rere kankan mọ́.

Páìpù tó ń bọ̀ látorí tánkì wá sí kíṣìnì mi ní Ìlódè ló bẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn ará OAU, yunifásítì ibí, ní dáàmù Òpá tiwọn. Àwa tá a wà nígboro, kànga ni. Súmò la fi ń fa omi sí tánkì, bí iná kò bá sì sí, jẹnẹrétọ̀ ni. Nítorí náà, owó pẹtiróòlù ni mo ń wò bó ṣe ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí gọ́tà. Kò sí fáàfù kankan lábẹ́ tánkì téèyàn lè tì (ẹni tó kọ́ ilé náà ló mọ ìdí). A fi rọ́bà tyúùbù wé ojú ibẹ̀, a gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, mo sì pe nọ́ńbà tí ará ilé kejì fún mi.

Ọ̀gá gbé ìpè mi. Ó ní òun ń bọ̀ láàárọ̀, ó sì wá lóòótọ́, a ò tíì jẹun, òun àti ọmọ iṣẹ́ kan lórí ọ̀kadà kan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé plọ́ńbà tó bá ní òun ń bọ̀ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọ̀túnla ló ń sọ. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn.

Wàyí o. Ọ̀gá dúró sínú omi ní kíṣìnì mi, kò fọwọ́ kan páìpù, kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ya bébà àpò sìmẹ́ǹtì, ó yọ báírò lẹ́yìn etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Páìpù mẹ́fà. Ẹ́bòò, èyí tí páìpù fi ń yà ní kọ̀rọ̀, méjìlá. Súkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá. Gọ́ọ̀mù ńlá méjì. Ẹ̀rọ omi (táàpù) tuntun méjì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ mi kò ṣe nǹkan kan. Ó kọ ọ́ títí tó fi yí bébà sí ẹ̀yìn. Owó ọjà, 64,500 náírà. Owó iṣẹ́, 20,000.

"Màámi, gbogbo láìnì yìí ló ti gbó. Ẹ fún wa lówó, ká tètè lọ rà á."

Ìjọba kéde 70,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ lọ́dún 2024. Iléèwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ni kò tíì gbọ́ ìròyìn náà. Owó oṣù mi méjì ni ọkùnrin yìí kọ sára bébà sìmẹ́ǹtì yẹn.

Mo pe lándílọ́ọ̀dù l'Ékòó. Ó ní kí n ṣe é, òun á yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n iye tí òun bá rí lórí rìsíìtì nìkan lòun máa yọ. Mo ní, "Ọ̀gá, mo máa nílò rìsíìtì o." Ó na bébà sìmẹ́ǹtì náà sí mi.

Fóònù rẹ̀ dún, ó bọ́ síta. Ọmọ iṣẹ́ yẹn, tí kò tíì la ẹnu látàárọ̀, ti ń fọwọ́ tọ páìpù látòkè wálẹ̀. Mo bi í bóyá gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Aǹtí, ẹ́bòò ibi kọ̀rọ̀ yìí ló là. Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o."

(Ẹ má bi mí bí ọmọ náà ṣe rí.)

Nígbà tí ọ̀gá wọlé, mo ní ká jọ lọ sọ́jà. Ojú ẹ̀ yí padà. "Ṣé olè lẹ pè mí ni?" Mo ní rárá o, ọ̀gá, lándílọ́ọ̀dù ló ń yọ mí lẹ́nu. Ó kùn, ó kùn, ó ní kò burú, ká ṣe ibi tó fọ́ ná. A dé Sábó, olójà wo ojú ọ̀gá kó tó dárúkọ iye. Ọ̀gá wo ilẹ̀. Páìpù kan, ẹ́bòò mélòó kan, fáàfù kan, yúníọ̀n, gọ́ọ̀mù kékeré, tépù funfun: 17,800 náírà. Ẹ fi wé 64,500. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan náà yìí, nígbà tó gbé ayùn, ó di ẹlòmíì. Kó tó gé nǹkan kan, ó ní ká kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì àti ike ilé jáde, tiwa àti ti ará ilé kejì, ó sì gbọ́n omi tó kù nínú tánkì sínú wọn, bóyá abọ́ méjì ló dànù. Ó gé ibi tó là, ó fi àkísà nu ẹnu páìpù gbẹ, ó fi sáńpépà ha á, ó ní gọ́ọ̀mù kì í mú lórí páìpù tó lómi lára. Ó fi fáàfù sábẹ́ tánkì, ó wé tépù mọ́ ẹnu rẹ̀ síhà ibi tí wọ́n ń yí i sí, ó so yúníọ̀n mọ́ ọn kí ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú má bàa gé páìpù. Fáàfù yẹn ló tó owó tí mo ná ní gbogbo ọjọ́ náà. Ó mú páìpù àtijọ́ tó wà lára ògiri ìta, ó fi ọwọ́ lásán ṣẹ́ ẹ bí igbá gbígbẹ. "Oòrùn ló jẹ ẹ́. Ẹ wá ọ̀dà kun tuntun yìí." Nítorí náà, irọ́ kọ́ ni gbogbo lísìtì náà. Àmọ́ ẹ̀rọ méjì ńkọ́? Oòrùn ha ń wọ kíṣìnì mi?

Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣí omi kí n lè dáná. Ó kọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. "Màámi, gọ́ọ̀mù yìí kò mọ̀ pé ebi ń pa yín."

Owó iṣẹ́, ó gbà kí n san 15,000, kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. 8,000 ló kù lọ́wọ́ mi. Òun ò fẹ́ gbà. Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù wọn, ìyàwó rẹ̀ tó ń jókòó síbẹ̀ ló ní kó fi mí sílẹ̀, pé ta ni kò mọ ojú tíṣà. Ìyàwó náà kọ mí sínú ìwé gbèsè, ó ní kí n mú ìyókù wá nígbà tí mo bá kó àjọ. Ó mú ìwé rìsíìtì gidi jáde, onísítáǹpù, ó gbé báírò, ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé:

"Aǹtí, èló lẹ fẹ́ kó wà lórí ẹ̀?"

Mo ní iye tí mo ná ni o. Ó wò mí bí ẹni tí àánú mi ṣe é. Ó kọ owó ọjà lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, 32,800 pátá. Lándílọ́ọ̀dù ti gbà á.

Ihò tí wọ́n lu sára ògiri kíṣìnì ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ bírikìlà nìyẹn. Páìpù kò jò láti ìgbà náà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka lísìtì yẹn yóò ní 2 ló tọ́ sí wọn. Bí ẹ bá pè wọ́n, ẹ bá wọn lọ sí Sábó, kẹ́ ẹ sì bèèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ìyàwó, ẹ má bèèrè lọ́wọ́ ọkọ.