Ẹ ṣọ́ra fún kíìtì wáyà “bàbà gidi” yìí o, díẹ̀ ló kù kó jó ọkọ̀ mi

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa so iná gígùn (light bar), kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti wíńṣì mọ́ pìkọ́ọ̀pù yín, ẹ dúró ka eléyìí kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, torí orúkọ tó ń lò náà ò pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó pa á dà. Ẹ ṣáà mọ ọjà ẹ̀, ẹ̀yin náà á dá a mọ̀ tẹ́ ẹ bá rí i.

Kíìtì ni. Gbogbo ẹ̀ wà nínú ọ̀rá kan, wáyà pupa àti dúdú, rìlé (súwíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá), ilé fíúsì, súwíìṣì, àti páàkì fíúsì oríṣiríṣi àwọ̀ tó ní ẹ̀bùn lòun fi ṣe. Wọ́n kọ ọ́ pé wáyà náà jẹ́ 4 mm² (ìyẹn bí wáyà inú rọ́bà ṣe tóbi tó), bàbà gidi, rìlé 40 amp, fíúsì 30. Iná gígùn tí mo fẹ́ so jẹ́ wáàtì 240, tẹ́ ẹ bá fi fólítì 12 pín in ó di 20 amp, mo wá ní tí kíìtì bá lè gbé 30, kí ló tún kù? Mo bá ra á.

Nígbà tó dé, mo rí lẹ́tà mẹ́ta lára rọ́bà wáyà náà, CCA, ó kéré débi pé tọ́ọ̀ṣì ni mo fi kà á. Mo bi ẹni tó tà á fún mi pé kí nìyẹn. Ẹ gbọ́ èsì o: “Ọ̀gá mi, ẹ wo ara bátìrì yín, CCA yẹn náà ló wà níbẹ̀, agbára ló túmọ̀ sí.” Mo lọ wo bátìrì, lóòótọ́ CCA wà lára ẹ̀, ni mo bá gbà. Irọ́ burúkú! Ti ara bátìrì jẹ́ cold cranking amps, ìyẹn iye iná tí bátìrì lè tú jáde láti sítáátì ẹ́ńjìnì nígbà tí òtútù bá mú gan-an. Ti ara wáyà jẹ́ copper-clad aluminium, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lára. Lẹ́tà kan náà, ohun méjì tí ò bá ara wọn tan rárá, ọkùnrin yìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí irú irọ́ yẹn wà lẹ́nu ẹ̀ ní sẹpẹ́, kì í ṣe orí mi ló ti bẹ̀rẹ̀ gbájúẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo so ó, mi ò pe rìwáyà, torí iṣẹ́ yẹn ò le. Láti bátìrì sí fíúsì, láti fíúsì sí ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ 30 sí lára rìlé, ẹsẹ̀ 87 lọ síbi iná gígùn, 86 sí súwíìṣì, 85 sí ara irin ọkọ̀. Mo fi ilé fíúsì súnmọ́ bátìrì gan-an bó ṣe yẹ. Ó tàn. Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kejì mo ṣàkíyèsí pé iná yẹn ń ṣe bí ẹni tó rẹ̀, mo fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì wà lórí iṣẹ́: fólítì 13.9 lórí bátìrì, 11.8 níbi iná. Ibi tó yẹ kí n ti dúró nìyẹn, mi ò dúró, mo ní ṣebí ó ṣáà ń tàn. Fólítì 2 tó sọnù lójú ọ̀nà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20 amp, wáàtì 40 ni, bí ìgbà tẹ́ ẹ mú áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó sóódà tẹ́ ẹ tẹ́ ooru ẹ̀ sára wáyà yẹn látòkè délẹ̀, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti gbóná tẹ́lẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo tan án fún bí ogún ìṣẹ́jú, òórùn kan wá wọlé, mo rò pé ìta ló ti ń bọ̀, mo tiẹ̀ tún yí gíláàsì sókè. Ó ń le sí i. Mo páàkì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín! Ilé fíúsì ti yọ́, ó ti wó bí àbẹ́là, rọ́bà wáyà pupa rọ̀ débi pé mo fi orí sípánà kàn án, ó fà tẹ̀lé e bíi gọ́ọ̀mù. Wáyà tó ti bó síhòòhò yẹn, bí ìbú ìka kan ló kù kó kan irin. Mo yára tú orí négétíìfù bátìrì. Nígbà tí mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín gbogbo rádaràda yẹn, fíúsì 30 aláwọ̀ ewé jókòó síbẹ̀ lódindi, ìrísí ẹ̀ bíi tuntun.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ibí yìí dáadáa o, kí ẹnì kan má baà sọ pé fíúsì 30 ò lè já ní 20. Òótọ́ ni, kò yẹ kó já. Fíúsì kì í ṣọ́ iná gígùn, wáyà ló ń ṣọ́. Wọ́n ń fi 30 sórí wáyà tó lè gbé 30, kó lè já kí wáyà tó gbóná jù. Àwọn wọ̀nyí wá so 30 mọ́ wáyà tí ò lè gbé ìdajì ẹ̀ bó ṣe yẹ, ni wáyà fúnra ẹ̀ bá di fíúsì.

Mo gbé gbogbo ẹ̀ lọ bá ọ̀gá rìwáyà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Kò tíì gbọ́ tán tó fi mú ọ̀bẹ, ó gé wáyà yẹn, ó ha ẹnu ẹ̀, bàbà tó wà lókè ṣí kúrò bí ọ̀dà, inú funfun báláú. “Àbúrò, ta ló ta okùn ìsáṣọ fún ẹ?” Ó yọ fọ́nrán kan ṣoṣo, ó fi láítà sí i, ó ká kò, ó yọ́ di kóró. Ó fi láítà kan náà sí fọ́nrán bàbà gidi, ìyẹn kàn pọ́n ni, ó dúró gbọin. Ó tún fi hàn mí pé rọ́bà ló sanra, wáyà inú ẹ̀ ò ju 1.5 lọ, 4 mm² tí wọ́n kọ síta, rọ́bà ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Alumíníọ̀mù tó jẹ́ 1.5, ẹ rò ó wò.

Páàkì fíúsì ẹ̀bùn yẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù. A fi wáyà gidi so iná gígùn, a fi fíúsì pupa inú páàkì yẹn síbẹ̀, èyí tó jẹ́ 10. Klámpù mítà, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ wáyà láti ka amp, ka 20 ó lé díẹ̀. Ìlọ́po méjì nìyẹn, fíúsì tó bá pé ò gbọdọ̀ lò ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ kó tó já. A ka 5. A ka 30. Nígbà tá a ka 60 tí ò já, ọ̀gá pa súwíìṣì. Ó mú fíúsì 10 látinú àpótí irinṣẹ́ tiẹ̀, ó tan án, kí n tó ka 2 ó ti já. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ní irú páàkì yẹn nílé, ẹ má fi sínú ọkọ̀ kankan, kódà fún rédíò. Rìlé náà a ṣí i, 40 amp ló wà lára ẹ̀, ibi tí iná ti ń kọjá nínú ẹ̀ ò ju orí píìnì lọ.

Torí náà kẹ́ ẹ tó so ohunkóhun, ẹ gé ẹnu wáyà kẹ́ ẹ ha á. Ẹ gbé e lọ́wọ́, tó bá fúyẹ́ lọ́nà tó ya yín lẹ́nu, ẹ fura, bàbà ìwọ̀n kan náà wúwo ju CCA lọ ní ìlọ́po méjì ó lé. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá rọ́bà ẹ̀ jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń pè ní GXL tàbí TXL, àwọn yẹn ń fara da ooru dé 125°C, tó bá ń kólòlò ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ fi fíúsì kan ṣòfò nínú páàkì, ẹ dán an wò bá a ṣe ṣe é.

Nígbà tí mo padà bá ẹni tó ta kíìtì yẹn fún mi, ó kọ́kọ́ ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n so. Mo fi fídíò fọ́nrán tó yọ́ ránṣẹ́, ó ní alternator mi (ẹ̀rọ tó ń fún ọkọ̀ níná nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́) ló lágbára jù, ó ń ti iná wọlé. Alternator kì í ti iná wọ ohun tí ò bèèrè, iye tí iná gígùn bá fẹ́ ló máa gbà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó bá bulọ́ọ̀kù mi.

Ẹ wo àwòrán ọjà ẹ̀ dáadáa: orí aṣọ eérú kan ló máa ń tẹ́ kíìtì yẹn lé, ihò tí iná jó wà ní igun aṣọ náà lápá òsì. Mo tún rí aṣọ yẹn lánàá, orúkọ míì ló wà lókè ẹ̀, wọ́n sì ti sọ rìlé di 60 amp.