Ìka kan fún akọrin mẹ́jọ: ọdún mẹ́ta mi pẹ̀lú Behringer X32

Channel (ojú ọ̀nà ohùn kọ̀ọ̀kan lórí míksà, ẹ̀rọ tó ń da ohùn pọ̀) tó tó 28 ni mo máa ń ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn. Ìlù òyìnbó nìkan gba 7, akọrin gba 8, gángan 2, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ 1, gìtá 1, báàsì 1, kíbọ́ọ̀dù méjì gba 4. Pásítọ̀ ní máìkì 2, aṣíwájú orin ní 1, olùdarí ètò ní 1. Ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run sì fún mi.

Lórí míksà àtijọ́ tá à ń lò tẹ́lẹ̀, bí pásítọ̀ bá ti ní "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ṣe ni mo máa ń wá bọ́tìnnì mute, èyí tó ń pa ohùn, kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó dé ìdajì, onílù á ti gbé igi lé orí snare, gbáà, gbogbo ìjọ á sì gbọ́ ọ. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí àkókò tó yẹ kí ilé pa rọ́rọ́ gan-an nìyẹn.

Ọdún 2012 ni X32, míksà tí mò ń lò báyìí, jáde, ọdún mẹ́ta rèé tó ti wà lábẹ́ ọwọ́ mi. Ihò máìkì 32 ló ní, fédà 25 (ohun tá à ń fà sókè-sódò láti fi kún ohùn tàbí dín in kù) tó ń fi mọ́tò rìn fúnra rẹ̀: 16 lápá òsì, 8 lápá ọ̀tún, àti ẹyọ kan fún ohùn àpapọ̀. Bí EQ rẹ̀ (ohun tó ń tún dídún ohùn ṣe) ṣe dára tó, ẹlòmíì á sọ ìyẹn. DCA (fédà kan tó ń darí ọ̀pọ̀ channel) àti mute group (bọ́tìnnì kan tó ń pa ọ̀pọ̀ channel lẹ́ẹ̀kan náà) ni mo bá wá.

DCA 8 ló wà. Láti kó akọrin sínú ti àkọ́kọ́, mo tẹ bọ́tìnnì SELECT DCA 1 mọ́lẹ̀, mi ò gbé ìka kúrò, mo wá ń fi ọwọ́ kejì tẹ SELECT àwọn akọrin níkọ̀ọ̀kan lápá òsì. Èyí tó bá wọlé, iná rẹ̀ á tàn. Bí mo bá tún un tẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. Mo kọ AKORIN sójú kékeré tó wà lókè fédà náà, mo fún un ní àwọ̀ ewé, ó tán. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ohùn kankan kì í gba inú DCA kọjá o, àṣẹ lásán ló ń pa fún àwọn channel. Bí fédà sopránò bá wà ní -5, tí ti áltò wà ní -8, tí mo wá fa DCA wálẹ̀ sí -10, a jẹ́ pé ọ̀kan ti di -15, èkejì -18. Àlàfo tó wà láàárín wọn ò yẹ̀. Gbogbo wàhálà tí mo ṣe nígbà ìgbáradì láti mú ohùn wọn bára mu, ibi tí mo fi í sí náà ló wà.

Ibi tí mo ti wá mọyì rẹ̀ jù ni reverb, ìró tó ń dún tẹ̀lé ohùn bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá. Tẹ́lẹ̀, inú bus kan, ọ̀nà tí ohùn púpọ̀ jọ ń gbà kọjá, ni mo máa ń kó akọrin sí. Bí mo bá fa fédà bus yẹn wálẹ̀, ohùn wọn á lọ, reverb wọn á kù sẹ́yìn, bí ẹni ń kọrin nínú kànga. Channel kọ̀ọ̀kan ló kúkú ń fi ohùn ránṣẹ́ sí reverb fúnra rẹ̀, bus ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Channel gan-an ni DCA ń fà, nítorí náà reverb á bá a wálẹ̀, bó bá ṣe post-fader lẹ fi í sí, ìyẹn ni pé ohùn á kọjá fédà kó tó dé reverb. Mọ́nítọ̀ wọn ńkọ́? Pre-fader ni tiwa, ìyẹn ni pé ohùn ń lọ síbẹ̀ kó tó dé fédà, DCA ò kàn án. Mo lè dín akọrin kù nínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n ṣì máa gbọ́ ara wọn dáadáa lórí pèpéle.

Ohun kan wà tó gba kí ojú yín là. Bẹ́ ẹ bá fa DCA, fédà àwọn channel abẹ́ rẹ̀ ò ní mì rárá. Lálẹ́ ìṣọ́ òru kan, mo ti fa DCA ìlù dé ìsàlẹ̀ nígbà ìjẹ́rìí. Orin bẹ̀rẹ̀, onígángan ń lù, n ò gbọ́ ọ. Fédà rẹ̀ wà lókè, mute ò tàn, iná tó ń fi bóhùn ṣe ń wọlé hàn ń jó. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ máìkì, orin ti fẹ́ẹ̀ parí kí n tó wo apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, DCA ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó fọwọ́ kan wáyà.

Mute group 6 ló ní, bọ́tìnnì wọn sì ní àyè tiwọn, kò sóhun tó ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ tẹ MUTE GRP tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ńlá ẹ̀rọ náà, ẹ di nọ́ńbà ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ mú, kẹ́ ẹ wá tẹ SELECT àwọn channel. Ẹgbẹ́ 1 ni mo pè ní Àdúrà: gbogbo orí pèpéle ló wà níbẹ̀ àfi pásítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù kan. Ẹgbẹ́ 6, reverb nìkan ni. Bí olùdarí ètò bá ti gba máìkì láti ka ìfilọ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á mọ́ kedere. Channel kan lè wà nínú ju ẹgbẹ́ kan lọ.

Tèmi ni pé 6 yẹn kéré, mo lè lo 8. Nǹkan kejì tí mi ò fẹ́ràn ni pé fédà 8 apá ọ̀tún kan náà ni DCA àti bus jọ ń pín lò. Bí mo bá yí i sí bus láti tún mọ́nítọ̀ ẹnìkan ṣe, DCA ti kúrò níwájú mi, àfi kí n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kó tó padà. Bí orin bá ń gbóná lọ́wọ́, ìyẹn máa ń dá mi dúró.

Bí owó yín ò bá ká a, X32 Compact ní DCA 8 àti mute group 6 bákan náà, fédà rẹ̀ ló dín sí 17. Ẹ̀rọ kékeré XR18 tí wọ́n ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì darí ní DCA 4 àti mute group 4. Fún akọrin mẹ́ta àti kíbọ́ọ̀dù kan, ìyẹn náà tó.