Símẹ́ǹtì eegun PMMA fún dídí àlàfo agbárí: bí ó ṣe rí lọ́wọ́ àwa tí à ń lò ó

PMMA ni irú ike kan tí a ń pò pọ̀ kó tó le. Páálí rẹ̀ kan máa ń ní ẹ̀tù 40 g nínú àpò àti omi 20 ml nínú ìgò kékeré tí a ń ṣẹ́ lọ́rùn. Nínú ẹ̀tù náà ni benzoyl peroxide wà, òun ló ń ta ìdìpọ̀ náà jí, pẹ̀lú barium sulphate tàbí zirconium dioxide tó ń jẹ́ kó hàn lórí X-ray. Omi rẹ̀ ni methyl methacrylate. Ẹbí ohun tí àwọn oníṣègùn eyín fi ń ṣe ìdí eyín àtọwọ́dá ni, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ sì ti ń lò ó gan-an láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Fún àgbàlagbà tí eegun ara rẹ̀ kò sí mọ́, a kò rí ohun tó tó owó rẹ̀ bíi tirẹ̀, bí ẹ kò bá ṣáà jẹ́ kó le lórí ọpọlọ.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé eegun àkọ́kọ́, èyí tí a gé kúrò ní agbárí aláìsàn, dà. Òun ló bá àlàfo náà mu jù, kò sì náni lówó. Fìríìsà tó máa tọ́jú rẹ̀ sábà máa ń wà ní -80°C láìyẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ kọ́ ni a ti ń gbẹ́kẹ̀ lé èyí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ awọ ikùn, sínú ọ̀rá, títí ọpọlọ á fi ṣíwọ́ wíwú. Àbùkù rẹ̀ ni pé ara lè máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, pàápàá lára ọmọdé, títí tí yóò fi fẹ́lẹ́ tí skúrù yóò sì tú. Eegun tó bá ti fọ́ yángá tàbí tí kòkòrò àrùn ti wọ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀. Bí ojú iṣẹ́ abẹ bá ti kẹ̀ rí, ó kéré tán ẹ dúró fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ẹ tó fi ohun àjèjì síbẹ̀.

Páálí kan tó fún àlàfo tó gùn ní 12 cm tó sì fẹ̀ ní 8 cm, bí àwo tí a fi símẹ́ǹtì náà mọ bá nípọn 4 sí 5 mm. Àlàfo 15 cm sí 12 cm á jẹ méjì. Ẹ ní àfikún kan nítòsí, nítorí àwo tó bá sán lẹ́yìn tó ti le kò ṣeé tún pò.

Bí ẹ bá ń pò ó, ẹ rò ó jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ríro kíkankíkan bí ẹni ń ro àmàlà máa ń kó atẹ́gùn sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni àwo sì ti ń sán lẹ́yìn ọ̀la. Á kọ́kọ́ rí bí ògì, lẹ́yìn náà bí ẹ̀bà rírọ̀. Nígbà tí kò bá lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ mọ́ ni kí ẹ gbé e. Nínú tíátà tó wà ní nǹkan bí 20°C sí 23°C, ó ń tó ìṣẹ́jú 8 sí 12 kó tó le. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá kú tí yàrá gbóná, àkókò náà ń kúrú kíákíá. Gbígbé páálí sínú fìríìjì ṣáájú iṣẹ́ máa ń ràn yín lọ́wọ́. Omi inú ìgò náà ń ta imú, iná tètè ń ràn mọ́ ọn, ó sì ń gba inú ìbọ̀wọ́ kọjá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ méjì, kí ẹ bọ́ ti òde nù lẹ́yìn pípò. Bí ẹ bá máa fi oògùn apakòkòrò sí i, kó jẹ́ ẹ̀tù. Olómi ń sọ àwo di aláìlágbára.

Líle rẹ̀ ni ewu rẹ̀. Ó lè gbóná kọjá 70°C nígbà tó bá ń dì, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì jóná. Nítorí náà, ìta orí ni kí ẹ ti mọ ọ́n. Ẹ ya àwòrán CT tí ìpele rẹ̀ kò nípọn ju 1 mm lọ, ẹ fi ìdajì agbárí tó yè ṣe dígí fún ìdajì tó bàjẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tẹ móòdù alápá méjì tí ẹ ó fi mọ àwo náà. Ẹ̀bi tó wọ́pọ̀ níbí ni gbígbé móòdù PLA, irú ike tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ń lò, sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò. PLA ń rọ̀ ní nǹkan bí 60°C, ẹ̀rọ yẹn sì ń ṣiṣẹ́ ní 121°C tàbí 134°C, ó máa ń wọ́ kọdọrọ. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wé e ní ọ̀rá tí kò ní kòkòrò, tàbí kí ẹ lo gáàsì ethylene oxide. Bí kò bá sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ tẹ́ ọ̀rá àti gọ́ọ̀sì tútù sórí awọ líle tó bo ọpọlọ, ẹ tẹ símẹ́ǹtì náà sí àlàfo kó gba ìrísí rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ sínú abọ́ omi iyọ̀ tútù ní gbàrà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọwọ́ lásán tó fún abẹ́ irun. Iwájú orí nílò móòdù, nítorí gbogbo ayé ló ń rí i.

Ẹ lu ihò 3 sí 5 mm káàkiri àwo náà, kí omi lè rí ọ̀nà jáde, kí ẹ lu méjì sí àárín láti fi òwú gbé awọ ọpọlọ mọ́ ọn. Láìsí èyí, ẹ̀jẹ̀ á gbára jọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi páànù kékeré àti skúrù dè é ní ojú mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ lu ọ̀nà fún skúrù kí ẹ tó yí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sán. Ibi tó ń gba sùúrù jù ni yíya iṣan ẹ̀bátí kúrò lára awọ ọpọlọ. Bí awọ náà bá ya, ẹ rán an pa kí omi ọpọlọ má baà jò.

Àwọn ohun mìíràn wà tí a lè fi dí àlàfo. Àwọ̀n títánìọ̀mù 0.6 mm yá láti gé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ lè dá awọ orí tó fẹ́lẹ́ lu, ó sì ń da àwòrán MRI rú díẹ̀ nítòsí rẹ̀. PEEK, irú ike líle kan, lẹ́wà, owó rẹ̀ ni kò ṣeé sún mọ́. Hydroxyapatite, èròjà bíi ti inú eegun, sún mọ́ eegun jù, àmọ́ ó máa ń tètè fọ́, bí ọpọlọ ṣe ń lù kìkì lábẹ́ rẹ̀ sì lè là á kó tó gbẹ. Àlàfo kékeré ni kí ẹ fi í sí.

Símẹ́ǹtì kì í di eegun láéláé. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ọmọdé: agbárí ọmọ ń dàgbà, àwo kì í dàgbà. Lára ọmọ ọwọ́, awọ ọpọlọ fúnra rẹ̀ ṣì ń hu eegun, àlàfo kékeré sì lè dí láìfọwọ́kàn. Fún ọmọ tó bá ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ la eegun agbárí rẹ̀ sí ìpele méjì, kí ẹ fi ti òde dí àlàfo, kí ti inú wà níbi tó wà.